Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ Tí Dókì Yarí

Àwòdì ni Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ rí. Wọ́n tó mẹ́wàá, wọ́n ń pòòyì lójú ọ̀run lápá àríwá, wọ́n ń já wálẹ̀, wọ́n tún ń fò padà sókè. Ẹni tí wọ́n bí sí Komu kò ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túmọ̀ ìyẹn fún òun. Níbi tí àwòdì bá ti ń pòòyì lákòókò ọyẹ́, iná ń jóko níbẹ̀ ni, tata tó ń sá fún iná ni wọ́n ń gbé jẹ. Ó fi ọwọ́ síjú wo ọ̀ọ́kán. Èéfín dúdú ń rú lẹ́yìn oko káṣú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń tì í bọ̀ wá bá wọn tààrà.

"Yéè! Mo gbé!"

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi ké. Inú oko káṣú ni ilé wọn dá wà sí, ìrìn bí ogún ìṣẹ́jú sí ìlú. Jẹ́ẹ́dé, bàbá ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Bàbá jókòó. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo, "aa, aa" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn gìrìpá ni, ó ga, ó tún sanra. Sọ̀fíyàt àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé e láràárọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì wá sórí àga onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì ti máa mí hẹlẹ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ rẹ̀, Mojeed, ti gun ọ̀kadà lọ kí Jímọ́ọ̀ nílùú. Àpọ́nlé, ọmọ wọn, wà nílé-ìwé. Òun àti Bàbá nìkan ló kù nílé.

Koríko ńkọ́? Koríko ti dé orúnkún, ó ti gbẹ fúrúfúrú, ó yí ilé ká títí kan ara ògiri. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí wọn ò ro ó. Dókì ni wọ́n gbójú lé.

Dókì ni Bàbá sọ maṣíìnì ìgékoríko rẹ̀, ohun tí Hausa ń pe ẹṣin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi gé koríko pápá ìṣeré kan ní Kàdúná, irú maṣíìnì yìí ló sì ń gùn níbẹ̀. Ìgbà tó ń bọ̀ wálé, ó ra àlòkù kan: táyà mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì níwájú, abẹ tó ń yí nísàlẹ̀ ikùn, àga kan ṣoṣo lókè. Bàbá á tẹ́ awọ àgbò sórí àga náà, á jókòó lé e bí ọba, á gé gbogbo àyíká ilé títí ilẹ̀ á fi dán. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé ni Dókì náà ti yarí. Festus, mẹkáníìkì ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, ó fọ kábúrétọ̀, ó fi iná sí bátìrì, kò sí èyí tó ràn án. Ó ní kọ́ìlì ló kú, pé òun á ránṣẹ́ sí Èkó. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ní kí Mojeed ro àyíká ilé, á ní, "Ṣebí a fẹ́ tún Dókì ṣe ni, kí ni mo fẹ́ máa fi àdá pa ara mi fún?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ!

Kò sì sí ẹni tó lè dá a láṣà láti jókòó sórí àga Dókì. Nígbà tí Mojeed ṣì jẹ́ àpọ́n, ó gùn ún lọ́jọ́ kan, ìgbájú ni Bàbá fi sọ ọ́ kalẹ̀. "Ṣé mo ti kú ni?" Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá jókòó sórí àga bàbá nígbà tí bàbá wà láyé, ikú bàbá ló ń tọrọ. Ìgbà tí Bàbá wá di aláìsàn, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ìyàwó ilé wo ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun lòun jókòó pa bàbá ọkọ òun? Àní Festus tó jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ̀gbẹ́ Dókì ló dúró sí nígbà méjèèjì, ìdí rẹ̀ ò kan awọ àgbò yẹn, torí Bàbá ń wò ó látẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí iná.

Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ pe Mojeed. Fóònù ti pa. Ó pe àbúrò Mojeed, òun náà ti pa tiẹ̀. Ó pe alájàpá tó ń ra káṣú lọ́wọ́ wọn, bákan náà. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán Jímọ́ọ̀, ta ni yóò ṣí fóònù sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí Komu, kí Lemọ́mù fi ṣe wáàsí? Ó sáré bá Bàbá, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó fà á. Àga ló gbéra, Bàbá ò gbéra. Ó tún fà á, ẹ̀yìn rẹ̀ dún, Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e lórí. Ó rántí bárò, táyà bárò ti bẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wo omi, kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló wà nílé. 

Ìgbà yẹn ló ronú kan Festus. Onígbàgbọ́ ni, kò ní sí ní Jímọ́ọ̀. Ó pè é.

"Ìyá Àpọ́nlé, ẹ kú ọ̀sán o," Festus ní.

"Búrọ̀dá Festus, iná ń jóko bọ̀ wá bá wa! Èmi àti Bàbá nìkan ló wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí mo ṣe máa ṣe Dókì tó fi máa ṣiṣẹ́, kí n fi gé koríko yìí."

"Olúwa ò! Ẹ tètè sá jáde níbẹ̀!"

"Kí n fi Bàbá sílẹ̀ kí n máa sá lọ, àbí kí lẹ wí?"

 Ohùn Festus yí padà. "Ó dáa. Ẹ lọ sídìí ẹ̀. Ẹ tan iná ojú ẹ̀. Ṣé ó tàn?"

"Ó tàn."

"Bátìrì ò kú nìyẹn. Bẹntiróò ńkọ́?"

"Ó dé ìdajì."

"Irin tó ń yí abẹ, ẹ rí i pé ó wà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́."

Sọ̀fíyàt ká ìró sókè. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókì, ó na ẹsẹ̀ kan gọbọi tẹ bíréèkì, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó sì fa ara sẹ́yìn kí aṣọ òun má bàa kan awọ àgbò. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Dókì ò dún. Ó tún un yí. Kò tilẹ̀ ṣe "kẹ́".

"Kò fọhùn!"

"Ẹ ṣí ìdérí iwájú. Fíùsì pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn. Ṣé okùn tín-ín-rín inú ẹ̀ ti já?"

Fíùsì bọ́ sínú koríko, ó fi ìka wá a, ó rí i, ó gbé e sókè. "Kò já."

"Ẹ dá a padà. Ó dáa, ohun kan ló kù. Ẹ mú sípánà. Ẹ rí sítátà, tó dà bí agolo mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì? Irin méjì ló yọrí lára ẹ̀. Ẹ fi sípánà kan méjèèjì pọ̀. Ó máa ta iná pàrà, ẹ má jù ú sílẹ̀."

Sọ̀fíyàt pe Bísímílà, ó ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó fi sípánà kàn án. Iná ta pàrà lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gùdùgùdùgùdù. Ayọ̀ gba inú obìnrin yìí kan. "Gbaná!" ló ń ké. "Gbaná, ọmọ Ọlọ́run, gbaná jọ̀ọ́!" Gùdùgùdù náà ló ń ṣe, kò gbaná. Nígbà tí sípánà gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fà á kúrò, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ó ń yí, kò gbaná!"

"Bó ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn," Festus ní, inú rẹ̀ bàjẹ́. "Kọ́ìlì yẹn náà ni. Ìyá Àpọ́nlé, kò sí ohun tá a lè fi…"

Nẹ́tíwọ̀kì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó tún pè é, kò wọlé.

Èéfín ti dé. Ó ń ta á lójú, ó ń ta á lọ́fun. Ó ti wá ń gbọ́ ohùn iná náà báyìí, ta-ta-ta-ta, bí ìgbà tí èèyàn ń dín gúgúrú. Ọ̀yà ńlá kan já jáde látinú oko káṣú, ó gba iwájú ilé kọjá, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn. Sọ̀fíyàt wò ó títí ó fi wọgbó lódìkejì.

Gbà! Gbà! Gbà!

Bàbá ni. Ó ń fi ọwọ́ òsì, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó yè, lu ìjókòó àga tó jókòó lé. Sọ̀fíyàt sáré lọ bá a.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀ ni?" Ó ti ń na ọwọ́ sí póò.

"Aa! Aa!" Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá póò náà dànù, ó yí gbirigbiri lọ sínú koríko. Ó tún lu àga. Gbà! Gbà! Ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

Ohun tó sọ sí Sọ̀fíyàt lọ́kàn ni pé Bàbá ń wí pé: níbí ni èmi yóò kú sí, ìwọ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ àgbà ló sì pa á lówe, iná jó ni jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó mọ òwe náà dáadáa. Ó wo ọ̀nà ìlú, ọ̀nà náà ṣì mọ́ gbòò. Ó lè sáré. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi, ó ní ọmọ tó ń retí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ti gbé ìgbésẹ̀ kan, n ò ní parọ́ fún yín. Ló bá yíjú padà, ó pariwo mọ́ bàbá ọkọ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Mi ò lọ! Ẹ lù ú títí kó fi fọ́, mi ò níbi tí mò ń lọ!" Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n.

Bàbá dẹwọ́ lílù. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó na ìka sí Dókì. Ó yí ìka náà padà, ó nà án sí àyà Sọ̀fíyàt. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí ìjókòó àga, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbà.

Ẹkún dá dúró lójú Sọ̀fíyàt.

Kì í ṣe òní ni Bàbá ti ń lu àga. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Festus wá, ó lù ú bẹ́ẹ̀, wọ́n ní oòrùn ló ń pa á, wọ́n gbé e wọlé. Ọjọ́ kejì, ó lù ú, ó ń ké "aa, aa", wọ́n tún gbé e wọlé. Ọjọ́ yẹn ni Mojeed sọ ọ́ sétí Festus, níwájú Bàbá gan-an, pé ọpọlọ Bàbá ti ń ṣe ségesège.

"Bàbá," ó ní. "Ṣé kí n jókòó?"

"Aa," ni Bàbá wí, ó sì di ojú. Omijé yọ́ jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì.

Ṣé ẹ rò pé ó sáré lọ jókòó? Kò sáré o. Ó dé ẹ̀gbẹ́ Dókì, ó wo awọ àgbò, jìnnìjìnnì bò ó. Bí Bàbá bá kú lọ́la ńkọ́? Bó bá kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Kí làwọn obìnrin ilé yóò máa sọ? Wọ́n á ní òun ló gun àga lé e lórí. Ìgbà náà ni ẹ̀ta iná kan fò wá, ó bà sórí koríko níwájú rẹ̀ gan-an, koríko gbiná. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku.

"Ẹ forí jì mí o, Bàbá!"

Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó jókòó. Nǹkan kan lọ sílẹ̀ lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó ṣe "kẹ́". Ó tẹ bíréèkì, ó yí kọ́kọ́rọ́, Dókì sì ké gbàǹràn, ó gbaná, ó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó kú lára maṣíìnì yẹn. Ẹni tí yóò jókòó ló ń retí láti oṣù mẹ́rin.

Sọ̀fíyàt ò wa Dókì rí, ṣùgbọ́n ó ń gun ọ̀kadà, ojú rẹ̀ sì ti rí bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é. Ó fa irin abẹ sókè, ó tú bíréèkì sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Bàbá máa ń fi sí ilé bó bá ń yí i ká, kí koríko gígé lè máa tú sọ́wọ́ ọ̀tún, síta. Bẹ́ẹ̀ náà lòun ṣe. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan. Eruku àti èéfín dì í lójú, ó ń húkọ́, ó ń ké Lá ìláhà. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Gbogbo ìgbà tó bá gba iwájú ilé kọjá, ó ń rí Bàbá tó ń fi ọwọ́ kan náà júwe: fẹ̀ ẹ́ sí i, fẹ̀ ẹ́ sí i. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, iná ti yọ lábẹ́ káṣú tó kángun sí wọn, ooru rẹ̀ ń jó o lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ ló tó fò sílẹ̀.

Ó da omi kẹ́ẹ̀gì kan sí ara Bàbá látorí dé ẹsẹ̀, ó da èkejì sí ìró kan, ó fi bo orí Bàbá. Ó sáré gba ìdí ààrò, ó fi páànù kó ẹ̀yinná, ó sì ṣe ohun tí àwọn ọdẹ Komu máa ń ṣe: ó dáná sí etí ibi tó gé, kí iná tilé lọ pàdé iná toko. Iná rẹ̀ rọra mú, ó ń ra, ó ń jẹ koríko lọ sọ́nà ibi tí iná ńlá ti ń bọ̀. Èyí tó bá fẹ́ yíjú padà sílé, ewé dóńgóyárò ló fi ń na án, ilẹ̀ tó ti gé kò sì jẹ́ kó lágbára. Ìgbà tí méjèèjì pàdé, iná náà ga ju òrùlé lọ. Sọ̀fíyàt fi ara bo Bàbá, ó dì mọ́ ọn gbágbágbá, ó ń retí ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kò sí nǹkan fún iná láti jẹ mọ́. Ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó lọ kú sójú ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ará Jímọ́ọ̀ fi máa dé, wọ́n tó mọ́kànlá, wọ́n wọ aṣọ funfun, ewé lọ́wọ́ wọn. Mojeed ló ṣíwájú, ó ń sáré, ó ń sunkún. Sọ̀fíyàt ni wọ́n bá lórí Dókì. Ó ti padà gùn ún, ó ń gé koríko ẹ̀yìn ilé tí iná ò dé. Eérú bò ó lójú, irun rẹ̀ wà níta.

Ládòkun, àbúrò Bàbá, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Sọ̀fíyàt! Orí àga ta lo gùn lé yẹn? Ṣé o ti fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Sọ̀fíyàt ní, "Ẹ wò ó." Ó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kúrò lórí àga ni Dókì pa kú. Ó padà jókòó, ó sọ irin abẹ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ó yí kọ́kọ́rọ́, Dókì ké gbàǹràn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún pa kú.

"Ẹ rí i, Bàbá kékeré?" ó ní. "Bí èèyàn ò bá jókòó, kò ní gbaná. Kò sí kọ́ìlì tó kú. Oṣù mẹ́rin ni Bàbá ti ń sọ ọ́ fún wa, wọ́n ń lu àga, à ń gbé wọn wọlé. A bi mẹkáníìkì, a bi Èkó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè."

 Mojeed wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Dókì, ó sì wo bàbá rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìró tútù lórí. Ó rántí ohun tó sọ sétí Festus. Mo mọ̀ pé ó rántí, torí ojú rẹ̀ ṣú bí ilẹ̀ tó dúró lé. Ó rìn lọ bá Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú pẹ̀lú jalabíà funfun lára.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ó ní. Kò sì tíì dìde tó fi bèèrè. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe báyìí?"

Ó gbójú sókè, ó ń dúró de èsì. 

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó na ìka kọjá èjìká ọmọ rẹ̀, síbi ìdí káṣú kan lápá ìlà oòrùn. Gbòǹgbò igi náà ṣì ń rú èéfín wẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tó ti kíyè sí i. Mojeed dìde, ó mú ewé, ó gba ibẹ̀ lọ. Àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.